Iyán Tí Kò Ní Kókó

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ bí orí èèyàn ṣe ń dún lára ògiri, mo rò pé iyán ni wọ́n ń gún.

Mi ò sọ ọ́ láti fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Bó ṣe rí nìyẹn, ó sì pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́ síta. Ilé alájà gíga kan ní Weston, ní Kánádà, ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Tọkọtaya Yorùbá kan àti ọmọbìnrin wọn ń gbé lókè orí wa gan-an, tó fi jẹ́ pé àjà tiwa ni ilẹ̀ tiwọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde ní yunifásítì ni, lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo kà, mi ò sì tíì ríṣẹ́. Bí fóònù bá dún, àyà mi á já. Bí kò bá dún, àyà mi á tún já. Ilé ni mo máa ń wà ṣáá, etí mi sì ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń lọ lókè.

Ọ̀sán Sọ́ńdè kan ni. Gbì! Ó dákẹ́ díẹ̀. Gbì, gbì! Gíláàsì tó wà lórí tábìlì wa ń gbọ̀n. Ìyá mi gbójú sókè.

"Ta ló ń wó ilé lé wa lórí?"

Kò pẹ́ tí ariwo náà dáwọ́ dúró tí a gbọ́ kíkànkùn. Ọkọ obìnrin òkè ni, Ọ́ńkù tí gbogbo ilé mọ̀. Wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì wé abọ́ kan, òógùn ń ṣàn lójú wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, ìyá wa. Ariwo odó yẹn á ti dí yín lọ́wọ́. Iyán ló wu ìyàwó mi jẹ, mo bá ní kó jókòó, kí n gún un fún un. Ẹ gba tiyín."

"Ẹ̀yin lẹ gún un fúnra yín?" Ìyá mi pàtẹ́wọ́. "Bàbá ọmọ yìí kò mọ ibi tí ilé ìdáná wà títí tó fi kú!"

"Ìyá wa, bí apá bá ṣì ń bẹ lára ọkùnrin, kí ló fẹ́ fi ṣe tí kì í ṣe kó fi tọ́jú obìnrin?"

A jẹ iyán náà. Ó funfun, ó gbóná, ẹ̀fọ́ rírò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá mi bu òkèlè, wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. "Kò ní kókó kan ṣoṣo! Apá ọkùnrin yìí lágbára o." Mo jẹ tèmi tán, mo sì fi ìka nu abọ́.

Ó yẹ kí n sọ irú èèyàn tí Ọ́ńkù jẹ́ lójú wa, kí ó má baà dà bíi pé òmùgọ̀ ni wá. Láyé àwọn ṣọ́jà ni wọ́n sá kúrò ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná ni wọ́n ń ṣe, láti Weston títí dé Port Credit. Bí wíntà bá ń bọ̀, àwọn ni wọ́n ń bá ìyá mi pààrọ̀ táyà, wọn kì í gbà ju àdúrà lọ. Ní mọ́ṣáláṣí, àwọn ni wọ́n ń di àwọn àgbàlagbà mú sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí yìnyín bo. Bí wọ́n bá kí èèyàn, wọ́n á kí bàbá rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn mọ́ ọn.

Àǹtí, ìyàwó wọn, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ìyá mi fẹ́ràn jù lára Àǹtí ni pé wọn kì í dárúkọ ọkọ wọn, wọn kì í sì í fi "ó" pè é, kódà bí ọkùnrin náà kò bá sí nítòsí. "Wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́." "Wọ́n ní kí n kí yín." Ìyá mi á wò mí lójú: "Ṣé o gbọ́? Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyẹn. Ìwọ tó o máa ń sọ pé 'ó ti dé' fún ààfáà."

Ọ́ńkù ló bẹ̀ mí pé kí n máa kọ́ ọmọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà ti wọ kíláàsì kọkànlá, ó mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti kọ nǹkan sílẹ̀. Yorùbá ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn, bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe níbí. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó jẹ́ kí n rí ara mi bí ẹni tí ó wúlò fún nǹkan.

Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí ìtàn kúkúrú àtijọ́ kan tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń kà láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú rẹ̀, ọkùnrin kan di ẹnì kejì rẹ̀ sínú, kò sì jẹ́ kó hàn. Ó ń bá a ṣàwàdà, ó ń bi í léèrè àlàáfíà, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ dídùn fà á lọ síbi tó fẹ́ pa á sí. Mo ṣàlàyé fún ọmọ náà pé ohun tí wọ́n ń pè ní áyírónì nìyẹn: ẹnu ń sọ ọ̀tọ̀, ohun tó wà nílẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀, ẹni tó ń ka ìtàn sì mọ ohun tí ẹni inú ìtàn kò mọ̀.

"Ìyẹn ni pé àwa tá à ń kà á mọ̀ pé ó fẹ́ pa á?" ó bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ibi tí adùn rẹ̀ wà nìyẹn."

"A ò sì ṣe nǹkan kan?"

"Kí la fẹ́ ṣe? Ìwé ni."

"A kàn jókòó, à ń wòran." Ó gbé ojú lé mi títí tí mo fi wo ibòmíràn. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi jiyàn ni.

Ọ́ńkù wọlé lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé ohun mímu tútù méjì síwájú wa. "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé! Kí lẹ̀ ń kà?" Mo sọ ìtàn náà fún wọn. Wọ́n jókòó sí apá àga, wọ́n mi orí.

"Ẹ̀rín ni irú wọn máa ń fi ṣe é, àbúrò. Ẹni tó ń pariwo kò burú. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ni kó o sá fún."

"Ẹ ṣé o! Ọ́ńkù, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ jù mí lọ." Mo yíjú sí ọmọ náà. "Kọ ọ́ sílẹ̀, èyí tí dádì rẹ sọ yẹn."

Kò kọ ọ́. Ó ń fi gègé gún ìwé rẹ̀ títí tó fi lu. Àǹtí yọ láti yàrá, wọ́n wọ aṣọ alápá gígùn, gèlè sì bo iwájú orí wọn títí dé ìpéǹpéjú. "Dádì, oúnjẹ yín ti délẹ̀." Ọ́ńkù dìde. "O ṣé, ìyá mi," wọ́n sì fọwọ́ lé Àǹtí léjìká. Mo rí i tí èjìká náà sọ̀kalẹ̀. Mo rí i. Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni.

Ọjọ́ mìíràn tí mo lọ kọ́ ọmọ náà, àwọn òbí rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Mo wọ ilé ìdáná lọ bu omi, mo sì wò yíká. Ilé ìdáná tiwọn kò fẹ̀ ju tiwa lọ. Mo fi ṣàwàdà.

"Níbo lẹ ń gbé odó yìí sí? Àbí abẹ́ ibùsùn ni?"

"Kí ni odó?"

Mi ò rí ọ̀rọ̀ tí mo fi lè ṣàlàyé rẹ̀ kíákíá. Mo bá pa ọwọ́ mi méjèèjì pọ̀, mo gbé wọn sókè, mo sì sọ wọ́n kalẹ̀ bí ẹni tó ń gúnyán. Gbì, gbì.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fírìjì, ó sì fi apá méjèèjì bo orí.

Mi ò mọ bí ọwọ́ mi ṣe pẹ́ tó lókè. Nígbà tó dìde, kò sunkún. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi àpò ìyẹ̀fun iyán kan hàn mí, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo, tí a kàn ń rò nínú omi gbígbóná.

"A ò ní nǹkan tẹ́ ẹ ṣe yẹn. Èyí ni mọ́mì ń lò. Èyí tẹ́ ẹ jẹ lọ́jọ́ yẹn, dádì ló ní kí wọ́n rò ó, nígbà tó ṣe tán. Ọ̀kan nínú ojú mọ́mì ti wú pa. Wọn ò rí ìkòkò dáadáa."

Ìdí nìyẹn tí kò fi ní kókó.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè fi "wọ́n" pe ọkùnrin yẹn mọ́ nínú ọkàn mi. Mo délé, mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n mú abọ́ tó gbé iyán náà wá, èyí tí a kò tíì dá padà, wọ́n sì fi kànìnkànìn onírin fọ̀ ọ́ títí tí òdòdó ara rẹ̀ fi ń ṣí. "Mo yin apá ẹ̀," wọ́n ń sọ fún abọ́ náà. "Mo yin apá ẹ̀ o."

Wọ́n dúró de Àǹtí nídìí lífítì lọ́jọ́ kejì. Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Kò sí nǹkan kan, mà. Wọ́n máa ń gbóná díẹ̀ ni. Ó máa ń rọ̀ wọ́n." Ìyá mi ní, "Ọjọ́ tí kò bá rọ̀ ńkọ́?" Ilẹ̀kùn lífítì sì pa dé.

Sátidé ni ọjọ́ tí kò rọ̀, lẹ́yìn ìrun alẹ́. Kò dún gbì lọ́tẹ̀ yìí. Gíláàsì ló kọ́kọ́ fọ́, irin bá irin, lẹ́yìn náà ni Àǹtí ké. Igbe náà gé kúrú bí ìgbà tí èèyàn yí ẹ̀rọ omi pa. Ìyá mi ti wà lórí àtẹ̀gùn kí n tó dìde, orí wọn ṣí sílẹ̀, wọn ò wọ bàtà. Mo ń sáré, mo ń pe ọlọ́pàá, obìnrin tó gbé fóònù sì ní kí n tún àdírẹ́sì náà pè.

Ọmọ náà ló ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Àǹtí wà nílẹ̀ ilé ìdáná, àgbọ̀n wọn ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, eyín kan wà lórí táìlì bí ẹyọ àgbàdo. Ọkọ wọn dúró lé wọn lórí, sípánà iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí wa. Bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà yá débi pé ìyẹn gan-an bà mí lẹ́rù ju ẹ̀jẹ̀ náà lọ.

"Ìyá wa, ẹ gbà wá! Olè! Wọ́n wọlé, wọ́n lù ú! Mo lé wọn, wọ́n ti gba ibi àtẹ̀gùn ẹ̀yìn lọ!"

"Gbé irin yẹn sílẹ̀."

"Mà, olè ni mo fi—"

"Mo ní gbé e sílẹ̀!" Ìyá mi bọ́ sáàárín wọn. Orí wọn kò ju àyà ọkùnrin náà lọ. "Tàbí kó o lu èmi náà. Wá, lù mí. Lù mí kí iyán lè kúnná!"

Sípánà náà gbọ̀n lókè. Mo pa ojú dé. Mi ò lè sọ pé mo ní ìgboyà kankan. Mo gbọ́ tí ó bọ́ sílẹ̀.

Ọlọ́pàá méjì dé. Ọ̀kan mú ọkùnrin náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan sì kúnlẹ̀ ti Àǹtí. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Gẹ̀ẹ́sì ni Àǹtí ń sọ níbi iṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà Gẹ̀ẹ́sì ti sá kúrò lẹ́nu wọn. Ọlọ́pàá ní kí n bá òun túmọ̀.

"Àǹtí, ó ń béèrè ta ló lù yín."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó lè gbé ètè. "Wọ́n lù mí."

Ọkọ wọn gbọ́ ọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ ò gbọ́ bí? Wọ́n! Ó ní wọ́n!" Ó sì yí i sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọlọ́pàá tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ gbọ̀n bíi ti ọkọ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa ti ń béèrè lọ́wọ́ mi: èèyàn mélòó? Báwo ni wọ́n ṣe rí?

Ọ̀rọ̀ náà há mi lẹ́nu. Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò dà létí òyìnbó. Ọ̀wọ̀ tí Àǹtí ń bù fún ọkọ wọn láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ni ọkùnrin náà fẹ́ sá wọ̀. Àwọn ọlọ́pàá á wá olè lọ sórí àtẹ̀gùn, òun á sì padà wọlé, á ti ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé bí Àǹtí bá sùn sínú ilé yẹn pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn èyí, wọn ò ní jí. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Mélòó ni wọ́n?"

Wọ́n wò mí. Ojú kan ti pa dé, èkejì kò ṣẹ́.

"Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n."

"Ta ni wọ́n?"

"Dádì."

Mo kọjú sí ọlọ́pàá. Ìjayà mú mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un bí èdè wa ṣe rí, bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ pe àgbà kan, bí ọ̀rọ̀-orúkọ ṣe yàtọ̀ sí arọ́pò rẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú mi, mo ń ṣàlàyé gírámà. Ọlọ́pàá náà ń wò mí ṣáá.

"Ṣé lẹ́kíṣọ̀ lò ń ṣe ni?" ìyá mi jágbe mọ́ mi. "Sọ fún un pé ọkọ ẹ̀ ni!"

Mo sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀.

Ohùn tó jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò dà bí èyí tí mo mọ̀. "Èmi? Èmi tí mo mú ọ wá sí Kánádà? Màá pa ẹ́! Ẹ jẹ́ kí n pa á!" Ó fi orí gbá ọlọ́pàá níkùn, wọ́n gbé e ṣánlẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ ta ògiri bí wọ́n ti ń de ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ará ilé ṣílẹ̀kùn. Ó rí ìyá arúgbó kan tó máa ń bá gbé ẹrù, ó dẹ́kun títapá, ó rẹ́rìn-ín sí i láti orí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì kí i pé ó dàárọ̀, kó má ṣèyọnu, àṣìṣe díẹ̀ ni.

Àgbọ̀n Àǹtí fọ́ síbi méjì. Wọ́n fi wáyà so ó ní ọsíbítù, Àǹtí sì ń fi ife àti ọ̀pá ìfàmu mu ẹ̀kọ lọ́dọ̀ wa títí wọ́n fi lè padà sókè. Kọ́ọ̀tù kà á léèwọ̀ fún ọkọ wọn láti súnmọ́ ilé náà, wọ́n sì ní kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Bowmanville. Ẹ̀gbọ́n náà kò jẹ́ kí fóònù Àǹtí sinmi. "Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ẹ gbé e fún ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kó wálé." Àǹtí á gbọ́ ọ títí, wọ́n á ní "Ẹ ṣé, sà," wọ́n á sì pa fóònù. Mi ò mọ ohun tó wà nínú "ẹ ṣé" yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n fẹ́ gbà. Mo ń lọ sókè lójoojúmọ́, mo ní ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́ ọmọ náà, ṣùgbọ́n ojú Àǹtí ni mo ń lọ wò.

Ọkọ wọn wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo wà lọ́dọ̀ wọn. Ó kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́.

"Ìyá mi. Èmi ni. Ṣílẹ̀kùn."

Ọmọ náà mú fóònù rẹ̀, ó wọ balùwẹ̀ lọ pe ọlọ́pàá. Àǹtí wà ní ilé ìdáná, wọ́n ń se omi fún tíì kí wọ́n tó lọ sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n rìn wá sídìí ilẹ̀kùn.

"Orí mi kò pé lọ́jọ́ yẹn. Mo ti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ku tìẹ. Ojú ọmọ mi nìkan ni mo fẹ́ rí. Ìyá mi àtàtà."

Ọwọ́ Àǹtí lọ sára ṣéènì ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ pariwo, mo fẹ́ dì wọ́n mú. Ṣéènì náà dún. Wọ́n fà á wọ ojú ihò rẹ̀, wọ́n sì tún ti kọ́kọ́rọ́ kejì.

"Ẹ máa lọ," wọ́n sọ láàárín eyín, torí wáyà náà. "Ẹ ò gbọdọ̀ wá síbí mọ́."

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ba ilẹ̀kùn, tí gbogbo ògiri mì. Ó ta á lẹ́ẹ̀kejì, igi ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ ya. Ó ń bú ìyá tó bí Àǹtí, ó ń ka irú ikú tó fẹ́ fi pa wọ́n. Èmi ti ń ti tábìlì sídìí ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Àǹtí ti padà dé láti ilé ìdáná, kẹ́tù wà lọ́wọ́ wọn, ooru ń rú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ ta á dáadáa," wọ́n ní. "Ẹ wọlé. Omi yìí ń hó, ojú yín gan-an ni màá dà á sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé, Dádì."

Wọn ò gbé ohùn sókè. Gbogbo "ẹ" inú rẹ̀ pé, kò dín ọ̀kan. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ nípa áyírónì fún ọdún mẹ́rin, mi ò tíì gbọ́ ọ rí kó mú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹsẹ̀ náà dáwọ́ dúró. A gbọ́ ọ tó ń mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nígbà tí ilẹ̀kùn lífítì ṣí, a sì gbọ́ ìró bàtà àwọn ọlọ́pàá lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ ba ilẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì dún.

Àǹtí gbé kẹ́tù padà. Omi gbígbóná ta sí wọn ní ìka, wọ́n fi í sí ètè bí ọmọdé. Mo ní kí n bá wọn pe ibi iṣẹ́, pé wọn ò lè wá.

"Kí ló dé? Àwọn arúgbó mi ò ní jẹun ni?"

Ọlọ́pàá kan gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì ya ilẹ̀kùn náà ní fọ́tò. Lẹ́yìn náà Àǹtí wọ bàtà, wọ́n de gèlè wọn sẹ́yìn kúrò níwájú orí, níbi tí àpá tí wọ́n ń fi pamọ́ wà, wọ́n gba àárín ègé igi tó wà nílẹ̀ kọjá, wọ́n lọ.